Àsansílẹ̀ Alhaji Ràímì

Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Lásùnwọ̀n, níbí ní Ìkòròdú, kì í ṣe irú èyí tí obìnrin fi ń yangàn níwájú ìyá ọkọ. Bí wọ́n bá bi mí níbi ìkómọ pé kí ni mò ń ṣe jẹun, màá ní mò ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn kan á rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àwọn mìíràn á rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni, èmi náà á sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ilé géèmù ni mo ní: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, bẹ́ǹṣì gígùn, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo ju gbogbo oníbàárà mi lọ. Àwọn oníbàárà ọ̀hún, àgbà ọkùnrin ni wọ́n, àwọn tó yẹ kí wọ́n wà níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n wá ń sanwó fún mi kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù láì dìde.

Àdúgbò sọ mí ní Ìyá Géèmù kí n tó bí ọmọ kankan. Pásítọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run tú ilé géèmù náà ká, àáfà tó wà níwájú wa náà ń gba àdúrà kan náà. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi gbé láàárín wọn, ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn. Mo sì máa ń sọ fún ọkọ mi pé kò sí ẹni tó mú ìrẹ́pọ̀ wá sáàárín ẹ̀sìn ní Ìkòròdú tó mi.

Ọ̀gá Múfú ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìpakodò ló wà nígbà náà, nínú ìsọ̀ kan tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ń tún rédíò ṣe, ó ń tún géèmù ṣe, ó sì ń fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní ìmọ̀ràn tí wọn kò béèrè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ju pádì kan sí mi lẹ́sẹ̀. Pádì ni ohun tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tó ní bọ́tìnnì lójú, tí a fi ń darí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Tú u." Mo tú u. Rọ́bà, súpíríǹgì àti síkúrù dà sílẹ̀ yàà, àwọn kan sì yí lọ sábẹ́ àga. Ó ní, "Ó dáa. Tò ó padà." Mo tò ó títí di ìrọ̀lẹ́, ẹkún ni mo sì fi tò ó. Nígbà tí mo ṣe é tán, síkúrù kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pádì náà ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, èyí ṣẹ́kù o."

Ó gbà á, ó sọ ọ́ sínú agolo kan tó kún fún irú rẹ̀. Ó ní, "Kú oríire. O ti di ẹnjiníà."

Àṣírí iṣẹ́ wa kò pọ̀. Bí bọ́tìnnì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, rọ́bà dúdú kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló dọ̀tí. Ẹ rẹ òwú sínú sípírítì, ẹ fi nù ún, ó parí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Múfú kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí i. Kí n wo pádì náà lọ́tùn-ún, kí n wò ó lósì, kí n mi orí bíi nọ́ọ̀sì tó fẹ́ mú ìròyìn burúkú jáde, kí n wá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la." Ẹni tó bá gba nǹkan rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í gbà pé a ṣiṣẹ́ kankan.

Nígbà tó yá, tí èmi náà ti ní ìsọ̀ tèmi, Ọ̀gá Múfú pa iṣẹ́ àtúnṣe tì. Ó wá sí Lásùnwọ̀n, ó ṣí kaféè íńtánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ mi gan-an, ó sì gbé àwo ńlá kan tó fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé. Ìparí àwọn ọdún 2000 là ń wí yìí, fóònù ti di ti gbogbo ayé, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìtìjú wọ ìlú. Àwọn ẹ̀rọ géèmù tuntun kan náà ti ń dé láti òkè òkun, nínú báàgì àwọn tó bá wá ṣọdún nílé. Wọ́n ní wọ́n lè bá ẹ̀rọ ẹlòmíràn pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Múfú gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà á bí ìhìnrere.

Ó ní, "Ìyá Géèmù, ayé ti kọjá kéèyàn méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. O lè wà ní Lásùnwọ̀n níbí, kó o máa bá ẹni tó wà ní Jámánì gbá a."

"Kí lẹni tó wà ní Jámánì ṣe fún mi, Ọ̀gá?"

"Ọ̀làjú nìyẹn."

"Ṣé ọ̀fẹ́ ni ọ̀làjú ọ̀hún?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Owó díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àsansílẹ̀ ni. O máa ra káàdì kan, o máa tẹ nọ́ńbà inú ẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó o máa bá àwọn èèyàn gbá a fún ọdún kan. Tó bá parí, o tún rà."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí i bóyá ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ra ẹ̀rọ. Mo ra díìsìkì tí mo máa fi sínú ẹ̀rọ. Mo ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, torí iná ìjọba kì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń gbọ́kàn lé. Mo sanwó íńtánẹ́ẹ̀tì fún òun Múfú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún máa sanwó kí wọ́n tó yọ̀ǹda fún mi láti bá àjèjì ṣeré. Ìyẹn ni pé kí èèyàn kọ́ ilé, kó ra ilẹ̀kùn sí i, kí ẹni tó ta ilẹ̀kùn wá dúró síta, kó máa gba owó lọ́wọ́ àlejò.

Ọ̀gá Múfú ní, "Wàhálà ẹ ni pé o kì í wo iwájú."

Ó bẹ akọ̀wé pátákó kan lọ́wẹ̀ kó kọ ọ́ síwájú ìsọ̀ wa pé a ń ta àsansílẹ̀ géèmù. Akọ̀wé náà fẹ́ fi han àdúgbò pé òun lọ sílé ìwé, ó fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì gbé àmì òkè kan lé ibi tí kò yẹ. Ohun tó kọ síbẹ̀ gàdàgbà ni ÀSÁNSÍLẸ̀. Owó àsan di àsán! Ọ̀gá Múfú ní kó pa á rẹ́ kíákíá. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀, pé nínú gbogbo pátákó tó wà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, èyí nìkan ló sọ òótọ́ nípa ọjà tó ń polówó.

Ẹ̀yin tó gbọ́n báyìí, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí. Nígbà tí mo ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun náà, tí a sì so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó bi wá léèrè ìlú tí a wà. A wá Nàìjíríà títí nínú àwọn ìlú tó tò síbẹ̀, kò sí. Àwọn tó fẹ́ gba owó wa kò mọ̀ pé a wà láyé. Ọ̀gá Múfú ní kò sí wàhálà, ó fi wá sí London. Bí gbogbo oníbàárà mi ṣe di ará London nìyẹn, láì gba físà, láì wọ bàálù, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ gbá a. Mo tẹ bọ́tìnnì kí agbábọ́ọ̀lù mi lè gbá bọ́ọ̀lù sílé. Ó dúró. Mo dìde, mo lọ bu omi mu, mo padà wá jókòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń há, bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹni tí mò ń bá gbá a ti jẹ góòlù lórí mi kí ẹsẹ̀ náà tó kan ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ nínú ohun tí mo fi sétí, ó ń bú ìyá mi lédè Òyìnbó. Ìyẹn ni pé mo ti sanwó ọdún kan sílẹ̀ kí ẹni tí n kò rí rí lè máa bú ìyá mi láti ìlú rẹ̀. Ní gáréèjì Ìkòròdú, ọ̀fẹ́ là ń rí ìyẹn gbà.

Bí ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ṣe rí lójú mi nìyí nígbà tí Sìdíkátù mú bàbá rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sán Sátidé kan. Sìdí ń ta aṣọ òkìrìkà nítòsí wa. Ẹ̀pẹ́ ni bàbá náà ti wá, Alhaji Ràímì lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn létí ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí pákó tó ń gbẹ́. Sìdí gbé ẹ̀rọ géèmù kan dání, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọkọ Sìdí láti òkè òkun. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo àwọn oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó bi mí pé, "Àwọn wọ̀nyí, ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn yá, Alhaji. Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Lọ́sàn-án yìí? Lágbájá yẹn ti hewú o!"

Sìdí fà mí sẹ́yìn ilé, ó ro ẹjọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Táófíìkì, wà lókè òkun. Ìyá wọn kú nígbà tí Táófíìkì kò tíì ní ìwé tó lè fi jáde kó sì padà wọlé, nítorí náà kò lè wá sin ín. Ìbànújẹ́ dé bá bàbá wọn, ló bá sọ fún un lórí fóònù pé, "Má pè mí mọ́ láyé." Táófíìkì, ẹni tí kò gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu rí láti kékeré, gbọ́ràn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn kò pè é mọ́. Bí Alhaji bá pè é, tó sì gbọ́ ohùn rẹ̀, á pa fóònù. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí. Èsì tó ń fún wọn kò yí padà: "Bàámi ló ní kí n má pe àwọn. Ṣé kí n tún ṣàìgbọràn ni?"

Sìdí ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń wà lórí géèmù yẹn, Ìyá Géèmù. Ẹni tó bá ṣáà ti sanwó ló ń bá gbá a. Ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ bíi rédíò."

Ọjà mi ni wọ́n fẹ́ rà, ṣùgbọ́n àánú bàbá náà ṣe mí. Mo padà lọ bá a níbi tó jókòó sí.

Mo ní, "Alhaji, ẹ má fowó yín ṣòfò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí ò dáa rárá. Ẹ máa sanwó ọdún kan tán, ẹ ò ní gbọ́ ju 'hẹ̀ẹ́' lọ."

Ó ní, "Hẹ̀ẹ́ yẹn náà tó mi. Mi ò ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́."

A ránṣẹ́ ra káàdì ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, mo sì gbé e fún Alhaji kó mú un lọ sílé, torí ó ní òun kì í jẹ́ kí ohun tí òun bá fowó rà sùn sílé ẹlòmíràn.

Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alhaji wọlé tòun ti ìbínú.

Ó ní, "Olè ni wọ́n! Mo ti lóòdù ẹ̀, wọn ò fún mi ní nǹkan kan."

Mo ní, "Ẹ lóòdù ẹ̀ síbo?"

"Sínú fóònù mi ńkọ́! Wọ́n ní nọ́ńbà ò dáa. Mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lóòdù káàdì kankan mọ́."

Ta ni mo fẹ́ bá wí? Ní gbogbo Nàìjíríà, bí káàdì bá ti ní ibi tí a ń họ, a máa họ ọ́, a máa tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù, a ò sì ní béèrè ìbéèrè kankan. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé Alhaji kò fi èékánná họ ọ́ bí àwa yòókù. Irin tó fi ń gbẹ́ pákó ló fi họ ọ́, ó sì ti gbẹ́ díẹ̀ nínú nọ́ńbà náà kúrò. Èmi àti Ọ̀gá Múfú gbé káàdì sójú oòrùn, à ń méfò. "B nìyí." "Ọ̀gá, mẹ́jọ ni." "Mẹ́jọ kọ́, wo ikùn ẹ̀." Àwọn oníbàárà dìde wá bá wa dá sí i, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí wọn tí wọ́n ń fi ọpọlọ ṣe nǹkan. Nígbà tí ẹ̀rọ náà gbà á, gbogbo ilé hó yèè.

Ó ku orúkọ tí Alhaji máa jẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá Múfú fẹ́ fi Ẹ̀pẹ́ sí i, Alhaji ní ọmọ náà á fura. Bí Alhaji tó ti dé Mẹ́kà ṣe di Johnny nìyẹn, Johnny ará London.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Johnny ní géèmù. Ó máa ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń kan ìṣó, n kò sì mọ iye rọ́bà tí mo pààrọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń kí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ jọ gbá a pé salamu alaikum, ó sì máa ń dúró gba èsì. Bí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá sáré, á yọjú sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Ìwọ, ṣé o ò gbọ́ ni?" Gbogbo ẹni tó wà nílé náà ló nà án nínú géèmù. Àwọn kan tí kò jáwé olúborí rí láyé wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kí wọ́n lè rí ẹni nà.

Sìdí fún wa ní orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́ lórí géèmù. Sátidé tí a kọ́kọ́ rí i, mo gbé ohun tí wọ́n ń fi sétí sí Alhaji lórí, èyí tó ní gbohùngbohùn níwájú ẹnu, mo sì gbé ohùn náà sórí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo kìlọ̀ fún un pé bó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbohùngbohùn náà, torí bí Táófíìkì bá gbọ́ ohùn rẹ̀, á kúrò níbẹ̀.

Ohùn ọkùnrin kan wọlé. Pijin ló ń bá gbogbo ayé sọ. Ó ní, "Yo, Johnny! You dey there?"

Alhaji bo gbohùngbohùn. Ó ní, "Òun ni. Òtútù ti mú un."

Bí ó ṣe ń rí nìyẹn ní Sátidé sí Sátidé. Alhaji á wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, á gba Àgbówà, á dé ọ̀dọ̀ mi kí oòrùn tó mú, wọ́n á sì nà án. Táófíìkì fẹ́ràn Johnny. Ta ni kò ní fẹ́ràn ẹni tó ń jẹ ìyà tí kì í ráhùn? Johnny kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà Táófíìkì ń sọ ti àwọn méjèèjì. Ó sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wúkọ́ láàárín. Alhaji á bo gbohùngbohùn, á bi mí pé, "Ta ló ń sebẹ̀ fún un?" bí ẹni pé èmi ni mo fi í ránṣẹ́ lọ síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì, Alhaji á sì jókòó ti èyí tó kù, á máa rò ó títí Sátidé míì á fi pé.

Mo ń wò ó, ó ń dùn mí. Bàbá tó bímọ, tó tọ́ ọ, tó ń fowó ra ìgbọ́hùn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò ka ìlú rẹ̀ kún ìlú. Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Múfú pé èyí ló burú jù nínú gbogbo ọjà tí a tíì tà.

Ọ̀sán kan wá dé tí Táófíìkì ti jẹ góòlù lórí Johnny títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Johnny, abeg, na wetin be this? My papa wey dey build canoe for Ẹ̀pẹ́, if dem give am pad, e go beat you!"

Alhaji yíjú sí mi, kò bo gbohùngbohùn. Ọmọ rẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí a tó mọ ohun tí a máa ṣe, Táófíìkì ti gba bọ́ọ̀lù, ó yí ẹnì kan, ó yí òmíràn, ó gbá a láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù wọlé sígun àwọ̀n. Alhaji ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

"Àyìndé! Àyìndé mi! Ọmọ agbẹ́gi tí ọ̀sà ń kí kú iṣẹ́!"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí mọ ohun tí mò ń wí. Táófíìkì ni gbogbo ayé ń pè é. Oríkì rẹ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi í kì í, ìyá ti wà ní sàréè. Kò sí Johnny kan ní gbogbo London tó lè mọ̀ ọ́n.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù Táófíìkì dúró gbagidi, ó hàn pé ó ti fi pádì sílẹ̀. Ọwọ́ Alhaji ti padà sórí pádì, ó ń tẹ bọ́tìnnì láì mọ̀, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì rọra rìn láàárín wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Alhaji Ràímì jẹ láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì rí i.

"Ta ló pè mí bẹ́ẹ̀?" Yorùbá ni Táófíìkì fi sọ ọ́.

Sìdí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń fọwọ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó dáhùn.

Ó ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ti ń gbá a látọjọ́ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n gbá o."

"Mo mọ̀." Alhaji wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, irú ohùn tí wọ́n ń fi sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́: "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìbànújẹ́ ló sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì há. Lẹ́yìn gbogbo owó tí a san!

Ohùn Táófíìkì wá ní gígé ní gígé. "Ẹ ní... Mi ò gbọ́... Ó ń já. Kí lẹ sọ?"

Mo rí i lójú Alhaji pé ọkùnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó wo gbogbo wa, ó wo àwọn ọ̀lẹ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó dìde dúró. Ó ké e sókè ju ti àkọ́kọ́: "Mo ní má bínú!" Ó tún há. Ó di gbohùngbohùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo agbára ké e débi tí àáfà yọjú láti iwájú, tí pásítọ̀ sì yọjú láti ẹ̀yìnkùlé: "Àyìndé, mo ní jọ̀ọ́, má bínú! Èmi bàbá rẹ ni mò ń bẹ̀ ọ́!"

Ohun tí a gbọ́ padà kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń sunkún ni. Ẹkún yẹn kò há, kò já, ó wọlé ketekete. Àwọn oníbàárà mi wolẹ̀, ẹni tó hewú nínú wọn ń fi etí ẹ̀wù nu imú. Ọ̀gá Múfú jáde lọ, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwo orí òrùlé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Alhaji kò wá mọ́. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, oṣù gorí oṣù. Àwọn tó ń wá nà án ń bi mí pé níbo ni Johnny wà. Nígbà tí ọdún káàdì rẹ̀ ń parí lọ, èmi tí mo ti ń fi gbogbo ẹnu bú àsansílẹ̀ ra tuntun lọ́wọ́ ara mi, mo wọkọ̀, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí mo máa fi polówó rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Múfú ni gbogbo rẹ̀, ọ̀làjú àti àìwo iwájú.

Mo bá Alhaji létí ọ̀sà, ó jókòó sórí ọkọ̀ kan tí kò tíì kàn tán, fóònù wà létí rẹ̀, ìjà ló ń jà.

"Mo ní pákó yẹn ò dáa! Ta ló tà á fún ẹ? Òyìnbó wo ló mọ igi tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀? Táófíìkì, ìwọ gbọ́ mi, má jiyàn."

Ó júwe pẹpẹ kan fún mi kí n jókòó, ó sì bá ìjà rẹ̀ lọ. N kò rí ẹni tí ìjà dùn mọ́ nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tó dá ohùn dúró, mo yọ káàdì jáde.

Mo ní, "Alhaji, àsansílẹ̀ yín ti fẹ́ tán. Mo bá yín mú tuntun wá."

Ó wo káàdì náà, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò tètè mòye.

Ó ní, "Ìyá Géèmù, ẹni tó ti délé, ṣé ó tún máa ń sanwó ọkọ̀ ni?"

Fóònù rẹ̀ tún dún. Ó gbé e, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ó di ẹja tútù sínú láílọ́ọ̀nù fún mi, mo gbà á, mo padà sí Ìkòròdú pẹ̀lú káàdì mi. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ náà, bóyá owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún kí wọ́n tó lè bá àjèjì gbá géèmù pé wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó pé. Kò san án mọ́.